Kí Ẹ Tó Ra Ráútà Sí Ọ́fíìsì

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn oníṣòwò àti ọ̀gá iléeṣẹ́ kéékèèké, ní Ìjẹ̀bú-Òde

Ẹ̀yin àgbà wa tó wà níwájú, ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ti Ìjẹ̀bú-Igbó, Àgọ́-Ìwòyè àti Ṣágámù wá, ẹ kú ìjókòó o. Mo mọ̀ pé ṣọ́ọ̀bù lẹ tì kí ẹ tó wá síbí, n ò sì ní fi àkókò yín ṣòfò. Ohun tí wọ́n ní kí n wá sọ ni pé: ráútà tí wọ́n ṣe fún ilé, ṣé a lè gbé e sí ọ́fíìsì, àbí dandan ni ká ra èyí tí wọ́n ṣe fún iléeṣẹ́?

Èmi ò ní fi ohun tí wọ́n kọ sára páálí pinnu fún yín. Ẹ kọ́kọ́ wo iṣẹ́ tó máa dúró bí nẹ́tíwọ̀kì bá dúró. Lẹ́yìn náà kí ẹ béèrè ẹni tí yóò máa bójú tó ẹ̀rọ náà nígbà tí ìnjíníà tó wá so ó bá ti gbowó ẹ̀ lọ. Ìbéèrè kejì yìí la kì í sábà béèrè, òun gan-an ló sì máa ń ná wa lówó jù.

Ẹ jẹ́ ká gbé ráútà ilé sórí tábìlì ká wò ó. Àpótí pẹlẹbẹ ni, ó ní antẹ́nà méjì tàbí mẹ́rin. Iná tó ń wọ inú rẹ̀ kò sábà ju 12V lọ. Lẹ́yìn rẹ̀, ihò kan ní àwọ̀ tirẹ̀ lọ́tọ̀, ibẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọlé. Àwọn ihò yòókù, mẹ́rin lọ́pọ̀ ìgbà, jẹ́ ti kọ̀ǹpútà. Iṣẹ́ tí àpótí yìí ń dá ṣe pọ̀. Òun ló ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún fóònù àti kọ̀ǹpútà, òun ló ń darí dátà lọ darí ẹ̀ bọ̀, òun ló ń fọ́n Wi-Fi ká gbogbo ilé, òun náà ló tún ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kí ẹni tí a ò pè má bàa wọlé. Ẹ fi wé ìyá olóúnjẹ tó ń dáná, tó ń bu oúnjẹ, tó ń fọ abọ́, tó tún ń gbowó. Bí oníbàárà bá jẹ́ márùn-ún, ọjà ń lọ geere. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Ojúde Ọba, bí bọ́ọ̀sì mẹ́ta bá já èrò sílẹ̀ níwájú búkà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

N ò bú ráútà ilé o. Wọ́n ṣe é dáadáa fún ohun tí wọ́n ṣe é fún, ìyẹn bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, tẹlifíṣọ̀n kan. Ọ́fíìsì ni ìlò rẹ̀ yàtọ̀. Ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ gbogbo ènìyàn ń wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan mú kọ̀ǹpútà kan àti fóònù kan lọ́wọ́, ẹlòmíràn mú fóònù méjì. Ẹ fi ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, POS, kámẹ́rà CCTV àti fóònù àwọn oníbàárà tó ń béèrè páásíwọ̀ọ̀dù kún un. Ọ́fíìsì ènìyàn mẹ́wàá ti di ẹ̀rọ tó lé lọ́gbọ̀n kí ilẹ̀ tó mọ́ tán. Ráútà náà kò ní sọ fún yín pé ó ti rẹ òun. Yóò kàn máa lọ́ra, yóò gbóná, ẹnì kan yóò dìde lọ yọ wáyà iná rẹ̀, yóò tún un kì bọ̀ ọ́, gbogbo yín yóò sì ní “ó ti padà dé.” Ọ́fíìsì tí wọ́n bá ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́ ti ń sanwó ẹ̀rọ tó dára, kò kàn tíì rí i gbà ni.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà tó wà lára páálí tàn yín jẹ. Ẹ ó rí AC1200, ẹ ó rò pé 1200 Mbps, ìyẹn ìwọ̀n eré dátà, ló máa dé fóònù yín. Irọ́ ni. Ojú ìgbì méjì ni Wi-Fi ń gbà: 300 ti ojú 2.4 GHz ni wọ́n pa pọ̀ mọ́ 867 ti ojú 5 GHz, tí wọ́n wá sọ ọ́ di 1200, bẹ́ẹ̀ fóònù kan kì í lo méjèèjì pọ̀. Bákan náà ni AX3000, 574 àti 2402 ni. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn AC1200 tí owó wọn kéré, ihò ẹ̀yìn wọn kò ju 100 Mbps lọ. Ìyẹn ni pé bí ẹ tilẹ̀ san owó íntánẹ́ẹ̀tì 200 Mbps, ẹnu ihò yẹn ni 100 tó kù máa dúró sí. Èmi ò mọ ìdí tí wọ́n fi ń gbà wọ́n láyè láti máa kọ irú nọ́ńbà bẹ́ẹ̀ gàdàgbà sára páálí.

Ọ̀rọ̀ Wi-Fi gan-an ló ń fa àríyànjiyàn jù, ẹ jẹ́ kí n fara balẹ̀ síbẹ̀ díẹ̀. Lórí ojú ọ̀nà Wi-Fi kan, ẹ̀rọ kan ló ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan, àwọn tó kù ń dúró. Wi-Fi 6 ti mú un sàn díẹ̀, ṣùgbọ́n kò yí i padà pátápátá. Fóònù tó wà ní yàrá tó jìnnà ń sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó sì ń gba àkókò àwọn tó wà nítòsí. Ojú 2.4 GHz wá burú jù, nítorí ojú ọ̀nà mẹ́ta péré ni kò gun ara wọn níbẹ̀, ìyẹn 1, 6 àti 11. Ẹ lọ dúró sínú ilé ìtajà kan lójú Fọlágbadé tí ṣọ́ọ̀bù ogún wà nínú ẹ̀, tí olúkúlùkù ní ráútà tirẹ̀. Ogún ènìyàn ń pín ojú ọ̀nà mẹ́ta. Ẹni tó bá lọ ra ráútà oní-antẹ́nà mẹ́jọ láti fi borí àwọn yòókù ń fowó ṣòfò ni. Ráútà lè pariwo dé òpópónà, ṣùgbọ́n ohùn fóònù tó fẹ́ dá a lóhùn kò lágbára tó bẹ́ẹ̀. Fóònù á fi igi Wi-Fi mẹ́rin hàn yín, ojú ìwé kò sì ní ṣí.

Ilé wa náà tún dá kún un. Àwọn pẹtẹ́ẹ̀sì àtijọ́ tí àwọn bàbá wa kọ́ ní Ìjẹ̀bú, ẹ mọ bí ògiri wọn ṣe nípọn tó. Ògiri méjì irú ìyẹn, ilẹ̀kùn irin kan, ojú 5 GHz ti tán. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà ń ṣe ni pé wọ́n á lọ ra ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń kì bọ ojú iná láti fi fa Wi-Fi gùn. Èyí tó wọ́pọ̀ lọ́jà ń fi antẹ́nà kan náà gbọ́ ọ̀rọ̀, ó tún ń fi í tún ọ̀rọ̀ sọ, ìdajì eré rẹ̀ ti lọ síbẹ̀. Nínú ilé, mo gbà. Ní ọ́fíìsì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi wáyà fa a dé ibi tí ẹ ti fẹ́ ẹ, kí ẹ gbé access point, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń fọ́n Wi-Fi ká, sí òpin wáyà náà.

Ibí ni ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ti ń fi hàn pé òun yàtọ̀. Wọ́n pín iṣẹ́ náà. Ráútà ń ṣe ti ráútà, ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà. Switch, àpótí oníhò púpọ̀, ń pín wáyà. Access point, tí ń ṣe Wi-Fi nìkan, ń lẹ̀ mọ́ àjà bí àwo funfun, ó ń wo gbogbo yàrá láti òkè. Ẹ lè ní méjì, ẹ lè ní mẹ́fà, orúkọ kan ni gbogbo wọn ń jẹ́, ibì kan lẹ sì ti ń darí wọn. Bí ọ̀kan bá kú, tirẹ̀ nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Wáyà kan náà tó ń gbé dátà lọ sí access point ló tún ń gbé iná lọ fún un. PoE ni wọ́n ń pè é. Ìlànà rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní 2003, ó ń fún ihò kọ̀ọ̀kan ní 15.4 W, ti 2009 gbé e dé 30 W. Òyìnbó tó ṣe é lè máa rò pé kí wọ́n má bàa fa wáyà iná sí àjà ni. Lọ́dọ̀ wa níbí àǹfààní rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí NEPA bá mú iná, bó ti wù kí wọ́n máa pe orúkọ wọn báyìí, ẹ kò nílò UPS ní yàrá mẹ́fà. Ẹ gbé ẹyọ kan sí abẹ́ switch, tàbí kí ẹ so switch mọ́ inverter, gbogbo Wi-Fi ilé kò ní mọ̀ pé iná lọ. Iye ìgbà tí iná ń lọ tó ń bọ̀ lóòjọ́ tún máa ń ba àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí jẹ́, torí pé nígbà tó bá padà dé gan-an ló ń já wọlé pẹ̀lú agbára. Bí owó yín ò bá tó nǹkan kan, kó jẹ́ switch PoE tó dára àti UPS lẹ máa kọ́kọ́ rà. Ẹ lè máa lo ráútà tí ẹ ní tẹ́lẹ̀ sí i fún ìgbà díẹ̀.

Ẹ ṣọ́ra o. Àpapọ̀ iná tí switch lè pín wà lára rẹ̀. Switch oníhò mẹ́jọ tí àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 65 W kò lè fún ihò mẹ́jọ ní 15.4 W, nítorí ìyẹn ti lé ní 123 W. Olùtajà kò ní sọ fún yín. Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kà á.

Wáyà náà ńkọ́? Mo mú abẹ́fẹ́lẹ́ kan àti wáyà méjì wá. Ẹ sún mọ́ ọn. Èyí, wọ́n kọ Cat6, ìyẹn irú wáyà nẹ́tíwọ̀kì kan, sára ẹ̀, ìkejì náà, Cat6. Mo bó èèpo wọn. Wọ́n jọra, pupa bàbà ni méjèèjì. Wàyí o, mo fi abẹ́ họ èyí àkọ́kọ́: ẹ rí i, inú rẹ̀ ṣì pupa. Mo họ ìkejì: funfun báláú ti yọ lábẹ́. Alumíníọ́mù ni, bàbà fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi bò ó lára. Ó fúyẹ́ lọ́wọ́, ó sì tètè ń kán bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta. Bí ẹ bá gba iná PoE kọjá nínú irú wáyà yìí lọ sí ọ̀nà jíjìn, iná á ti dínkù kó tó dé, wáyà náà á sì máa gbóná. Ẹ lè ra ẹ̀rọ Amẹ́ríkà tó wọ́n jù láyé, bó bá jẹ́ wáyà ayédèrú lẹ fi so ó, ẹ̀rọ ayédèrú lẹ rà. Ojúlówó bàbà pàápàá, kò yẹ kó kọjá mítà 100 láti ẹ̀rọ kan dé èkejì.

Bí ẹ bá ní ilé méjì nínú ọgbà kan, bí ilé-ìwé tàbí ilé epo, ẹ má fa wáyà bàbà gba ìta láti ilé kan sí èkejì. Ààrá ń tọ̀ ọ́. Ẹ lo fáíbà, gíláàsì ni, iná ò lè gbà á kọjá.

Ọ̀rọ̀ ààbò kù. Ní 2016, kòkòrò kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ń pè ní Mirai ń lọ káàkiri ayé, kò mọ idán kankan. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń kanlẹ̀kùn àwọn kámẹ́rà, àpótí CCTV àti ráútà, ó ń dán àwọn páásíwọ̀ọ̀dù tí ẹ̀rọ bá jáde láti iléeṣẹ́ wò, irú bíi admin àti 12345. Àwọn ẹ̀rọ tó bá ṣí sílẹ̀ fún un ni wọ́n kó jọ tí wọ́n fi kọ lu Dyn, iléeṣẹ́ tó ń júwe ọ̀nà àwọn ìkànnì fún kọ̀ǹpútà, ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 21 oṣù kẹwàá ọdún náà, tí Twitter àti Netflix fi dákú mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́. Mo fẹ́ kí ẹ délé lónìí kí ẹ lọ wo páásíwọ̀ọ̀dù àpótí CCTV yín.

Àwọn kan ń rò pé báwọn bá ti ra ẹ̀rọ iléeṣẹ́, ọ̀rọ̀ ìyẹn ti parí. Ní oṣù karùn-ún 2018, Talos, àwọn onímọ̀ ààbò ní iléeṣẹ́ ẹ̀rọ nẹ́tíwọ̀kì Cisco, kéde pé kòkòrò VPNFilter ti wọ ẹ̀rọ tó tó 500,000, ó kéré tán, ní orílẹ̀-èdè 54. Ráútà Linksys, Netgear àti TP-Link wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ MikroTik ti àwọn ará Latvia, tí àwọn ìnjíníà wa fẹ́ràn gan-an, wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Lọ́dún kan náà, MikroTik rí àléébù kan tí ọ̀daràn lè gbà wọ inú ẹ̀rọ wọn, wọ́n gbé àtúnṣe jáde ní oṣù kẹrin. Oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀daràn ṣì ń wọ ẹgbẹẹgbẹ̀rún ẹ̀rọ tí ẹnikẹ́ni ò tún ṣe, wọ́n ń fi wọ́n wa owó kríptò. Àtúnṣe wà nílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tí yóò tẹ bọ́tìnnì ni kò sí. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé kí ẹ béèrè ẹni tí yóò máa bójú tó o. Ráútà ilé tó ń ṣe àtúnṣe ara rẹ̀ lóru dára ju ẹ̀rọ olówó ńlá tí ẹnì kan ò fọwọ́ kàn láti ọjọ́ tí wọ́n ti so ó lọ. Ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ní bọ́tìnnì púpọ̀, ìnjíníà tí kò bá mọ̀ ọ́n dáadáa lè ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún ayé láìmọ̀.

Àmọ́ ohun kan wà tí ẹ̀rọ iléeṣẹ́ ń ṣe tí ráútà ilé kì í sábà lè ṣe dáadáa, ó ń pín ilé sí yàrá. VLAN ni wọ́n ń pè é. Wáyà kan náà, switch kan náà, ṣùgbọ́n kámẹ́rà ò rí kọ̀ǹpútà akọ̀wé owó, fóònù oníbàárà ò sì rí ìkankan nínú méjèèjì. Ráútà ilé lè fún àlejò ní Wi-Fi tirẹ̀ lọ́tọ̀, ó dára, ẹ lò ó. Àmọ́ àwọn ihò ẹ̀yìn rẹ̀, ọjà kan náà ni gbogbo wọn ń ná. Fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tó ní ìwé owó ọgọ́rọ̀ọ̀rún ènìyàn, tàbí ilé-ìwòsàn tó ní fáìlì aláìsàn, èyí kì í ṣe fàájì. Òfin ààbò dátà Nàìjíríà ti wà láti oṣù kẹfà 2023, ó sì kan ẹni tó bá ń tọ́jú ọ̀rọ̀ àṣírí ẹlòmíràn.

Owó wá ńkọ́? Ìjẹ̀bú mọ owó í ná, ó sì mọ owó í ṣọ́, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n sọ èyí láìfi bò. Àwọn ẹ̀rọ iléeṣẹ́ kan ń gba láísẹ́ǹsì lọ́dọọdún, dọ́là sì ni. Meraki tí Cisco rà ní 2012 jẹ́ ọ̀kan: bí láísẹ́ǹsì rẹ̀ bá tán tí ẹ kò tún un san, ẹ̀rọ tí ẹ ti fi owó yín rà á dẹ́kun iṣẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀ tí wọ́n fi dúró dè yín. Kí oṣù kẹfà 2023 tó dé, dọ́là kan kò tó ₦500 ní báǹkì. Nínú ọdún 2024, ó ti kọjá ₦1,500. Ẹni tó ti wọ irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ rí i pé owó láísẹ́ǹsì ti di ìlọ́po mẹ́ta láìsí pé ẹ̀rọ náà yára sí i. Fún iléeṣẹ́ kékeré tó ń gba náírà, mi ò lè gbà yín níyànjú pé kí ẹ wọ̀ ọ́. UniFi ti Ubiquiti, Omada ti TP-Link, MikroTik, ẹ lè lo ìwọ̀nyí láìsan láísẹ́ǹsì ọdọọdún. Ìlà àárín ni wọ́n, owó wọn kò jìnnà sí ti ráútà ilé tó dára, ibẹ̀ sì ni mo rò pé ọ̀pọ̀ nínú yín yẹ kó dúró sí.

Íntánẹ́ẹ̀tì méjì náà dára, kí ọ̀kan máa ran èkejì lọ́wọ́, ẹ̀rọ iléeṣẹ́ sì ń pààrọ̀ wọn fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹ wo ìsàlẹ̀ wọn. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta 2024, wáyà mẹ́rin tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì gba abẹ́ òkun, WACS, MainOne, ACE àti SAT-3, gé lẹ́ẹ̀kan náà nínú òkun nítòsí Abidjan. Ẹni tó ní ìlà méjì tó jẹ́ abẹ́ òkun kan náà ni wọ́n gbà, àwọn méjèèjì lọ pọ̀. Starlink ti wà ní Nàìjíríà láti oṣù kìíní 2023, ojú ọ̀run ló ń gbà, ẹ lè fi ṣe ìkejì.

Mo gba ìbéèrè díẹ̀ kí wọ́n tó ní kí n jókòó.

Ìyá kan béèrè pé òun ní POS méjì àti kọ̀ǹpútà kan ní ṣọ́ọ̀bù òun ní Òkè-Ajé, ṣé kí òun ta ráútà òun? Rárá, ìyá mi. Ẹ má ta nǹkan kan. Ẹ yí páásíwọ̀ọ̀dù rẹ̀ padà, ẹ gbé e kúrò lórí dékódà kó má bàa gbóná, ẹ ra UPS kékeré 12V fún un. Ó tó yín.

Bàbá kan tó ní ilé-ìwé, tó fẹ́ ṣe gbọ̀ngàn CBT, béèrè bóyá Wi-Fi yóò gbé ọgọ́rùn-ún kọ̀ǹpútà. Ẹ má dán an wò, bàbá. Wáyà ni kí ẹ fà dé ìdí kọ̀ǹpútà kọ̀ọ̀kan. Iṣẹ́ tí ọmọ ń ṣe tí àkókò ń lọ, wọn kì í fi ọ̀rọ̀ Wi-Fi sínú ẹ̀.

Àbúrò kan béèrè nípa switch tòkunbọ̀ tí wọ́n ń tà ní Computer Village ní Ìkẹjà, Cisco 2960, pé owó rẹ̀ kéré sí ti tuntun. Òótọ́ ni, irin gidi sì ni. Ṣùgbọ́n kí o yí i sójú, kí o ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn oníhò mẹ́rìnlélógún yẹn, ihò wọn kò ju 100 Mbps lọ, méjì péré ló dé 1000. Àwọn kan ò ní PoE rárá, nítorí náà kò lè gbé access point rẹ. Kò tún sí àtúnṣe tuntun fún wọn mọ́. Bí o bá rí èyí tó jẹ́ 1000 lórí gbogbo ihò, tó ní PoE, tí olùtajà sì gbà kí o tan án fún wákàtí kan níwájú rẹ̀ kí o tó sanwó, ó ṣe é rà. Àwọn tó ní PoE sábà máa ń ní fáànù tó ń pariwo, kọ́bọ́ọ̀dù tó ní afẹ́fẹ́ ni kí o gbé e sí, má gbé e sí ẹ̀gbẹ́ akọ̀wé.